Bí Gìtá Ṣe Kọ́ Bíbú Ramúramù: Ohùn Heavy Metal láti Birmingham dé Ọ̀ọ̀dẹ̀ Wa

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ gìtá heavy metal lè rò pé ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́. Èrò rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́. Inú ohun tó bàjẹ́ ni ohùn tó nípọn, tó ha, tó ń bú ramúramù yẹn ti jáde: sípíkà tó fàya, ampilifáyà tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ọmọ ìka tí irin gé. Láàárín ogún ọdún, láti 1950 sí 1970, àwọn olórin sọ àbùkù wọ̀nyí di ẹwà. Lónìí, ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Ara lẹ́bàá Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó fi gìtá kan àti kọ̀ǹpútà kan gbé ohùn náà dìde. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ìtàn náà ni ìlànà iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì hàn gbangba: àìní ló bí ohùn yìí, etí tó mọ ohun tó ń wá ló sì tọ́ ọ dàgbà.

Etí tiwa ti mọ ohùn híha tipẹ́. Ìyáàlù dùndún kì í dá sọ̀rọ̀. Ṣaworo tí wọ́n so yí i ká ń dá sí gbogbo ohun tó bá wí. Onílù bàtá ń fi ìda sí ojú ìlù kí ohùn rẹ̀ lè rí bó ṣe fẹ́. Nínú gòjé, irun ẹṣin ló ń ha lórí irun ẹṣin. Ní Ẹdẹ, Tìmì fúnra rẹ̀, Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 sí 1975, jẹ́ ọ̀gá onílù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ní 1959 ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ọba tó ń lu ìlù, tó tún ń kọ nípa ìlù, mọ̀ pé ohùn tó mọ́ gaara nìkan kọ́ ni ohùn tó dára. Ìmọ̀ yẹn wà nílẹ̀ wa kí iná mànàmáná tó dé.

Etíkun ni gìtá gbà wọ Èkó. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà mú un kiri gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta á ní ilé ẹlẹ́mu. Láti àárín àwọn Sàró ní Èkó ni Tunde King, tí wọ́n bí ní 1910, ti jáde. Ní 1936 ni orin jùjú rẹ̀ dé orí àwo. Ìró okùn kò lágbára nígbà náà, ìlù sì ní láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní 1948 ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Ní 1949 Àyìndé Bákàrè so gìtá mọ́ iná, àyè sì gba onílù púpọ̀ lẹ́yìn olórin kan. Nígbà tí I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, gìtá oníná ti di onílé nínú jùjú.

Gìtá oníná yìí kò tíì pé ogún ọdún láyé nígbà tí Bákàrè gbà á. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Rickenbacker ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún aráyé, gìtá Hawaii tí wọ́n ń gbé lé itan ni. Fender gbé gìtá onípákó gbọnrangandan jáde ní 1950, Gibson tẹ̀ lé e pẹ̀lú Les Paul ní 1952. Ìṣòro kan kù: wáyà tí wọ́n wé sábẹ́ okùn, èyí tí àwọn olórin ń pè ní pickup, ń gbọ́ okùn, ó sì ń gbọ́ híhùn iná ilé pẹ̀lú. Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, wé wáyà méjì tó kọjú ìjà síra wọn, híhùn ti ọ̀kan ń pa ti èkejì. Ní 1957 humbucker yìí dé orí gìtá. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń ti ampilifáyà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olórin heavy metal fi yàn án láàyò.

Gbogbo ampilifáyà ló ní ìwọ̀n tó lè gbé. Bí ìró tó wọlé bá ju ìwọ̀n náà lọ, orí ìgbì rẹ̀ á gé, á tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tó gé yẹn á sì bí àwọn ìró tuntun tí okùn fúnra rẹ̀ kò mú wá. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ sá fún èyí. Àwọn olórin ló sá tọ̀ ọ́ lọ. Ní 1958 Link Wray fi nǹkan ṣóńṣó dá ihò sára sípíkà rẹ̀ kó lè rí ohùn tó ń wá fún orin Rumble. Ní 1961, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan tó yarọ ní Nashville sọ gìtá Grady Martin di ohùn híha nínú orin Marty Robbins kan. Dípò kí wọ́n jù ú nù, wọ́n ṣe àpótí kékeré tó ń dá ìyarọ náà ṣe, wọ́n sì gbé Maestro Fuzz-Tone jáde ní 1962. Ní 1964 Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks fi abẹ ya sípíkà rẹ̀ ní London. Jim Marshall, onílù tó ní ìsọ̀ ohun èlò orin ní Hanwell, ti wo inú ampilifáyà Fender kan, ó sì fi ẹ̀yà ẹ̀rọ tó rí lọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1962. Ampilifáyà yìí tètè ń ha ju ti Fender lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta Marshall ti ń ṣe oní 100 watt.

Ohun gbogbo ti wà nílẹ̀, àmọ́ ẹni tó so wọ́n pọ̀ ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin kan ní Birmingham. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi ní 1965 nígbà tí ẹ̀rọ gé ṣóńṣó ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ní ọjọ́ tó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì fi ń tẹ okùn. Wọ́n sọ fún un pé gìtá ti parí fún un. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbé àwo Django Reinhardt fún un gbọ́, ẹni tí iná jó ọwọ́ rẹ̀ tó sì ń fi ìka méjì ta gìtá. Iommi yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó ṣe é ní fìlà fún ìka rẹ̀, ó fi awọ bò ó. Okùn líle ń dun ọwọ́ náà, ó wá okùn tín-ín-rín. Ní 1971, lórí Master of Reality, àwo ẹgbẹ́ rẹ̀ Black Sabbath, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ ní ìlàjì ohùn mẹ́ta, okùn tó nípọn jù tó ń gbọ̀n nígbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wá sí 69. Ara tu ìka rẹ̀, orin náà sì wúwo bí orin kankan kò ṣe wúwo rí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibí yìí ló wú mi lórí jù, nítorí ọgbẹ́ ọkùnrin kan di èdè tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níwájú Iommi nígbà tí wọ́n gba àwo Black Sabbath àkọ́kọ́ sílẹ̀, èyí tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1970. Gìtá Gibson SG, àpótí Rangemaster tó ní tiransísitọ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ohùn òkè sókè kí ìsàlẹ̀ má baà ki jù, ampilifáyà Laney tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham níbẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀.

Ìdí tí orin wọ̀nyí fi ń ta ohùn méjì pọ̀ dípò mẹ́ta yé ẹnikẹ́ni tó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí dò bá ń gbọ̀n nígbà 110, sò tó wà lókè rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 165. Ampilifáyà tó ti kún á fi ìyàtọ̀ wọn bí ohùn kẹta, 55, èyí tó jẹ́ dò kan náà ní ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ta méjì, etí gbọ́ mẹ́ta, ẹ̀kẹta sì jinlẹ̀ ju gìtá lọ. Bí a bá fi mí kún un, àwọn ìyàtọ̀ á pọ̀, wọn ò ní bára mu, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló fi yé wa pé jùjú mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó yan ohùn tó mọ́. Gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni King Sunny Ade ń kó jọ, tí kálukú ń gba ibi tirẹ̀ wọ inú ti ẹnì kejì. Ohùn híha ìbá bo ọ̀nà wọn mọ́lẹ̀. Nínú àwo Juju Music ti 1982, gìtá Hawaii tí ìtàn iná bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ló ń fà gọ̀ọ́rọ́ lókè àwọn ìlù.

Àmọ́ Èkó kò fi ohùn híha sílẹ̀ fún òyìnbó nìkan. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì pọ̀ ní ìlú náà. Ní 1973 ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Ní ọdún kan náà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St Gregory's tó ń jẹ́ Ofege gbé Try and Love jáde, gìtá wọn sì ń ha bí ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ ẹ. Ní Sáńbíà, WITCH àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rọ́ọ̀kì yẹn kò ṣòfò: Laolu Akins yìí kan náà ló darí ìgbàsílẹ̀ Ace, àwo Shina Peters tó gba ìgboro ní 1989.

Láàárín àkókò yìí náà, ọgbọ́n àtinúdá kò dáwọ́ dúró ní òkè òkun. Eddie Van Halen fi ẹ̀yà gìtá olówó pọ́ọ́kú kan gìtá ara rẹ̀, ó sì ń dín agbára iná tó ń wọ inú Marshall rẹ̀ kù kí ohùn rẹ̀ tó jáde ní 1978. Metallica lo Mesa/Boogie fún Master of Puppets, tó jáde ní 1986. Ilé iṣẹ́ Boss ti Japan ṣe àpótí HM-2 ní 1983. Àwọn ọmọ Sweden gbé e, wọ́n yí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ dé òpin, ohùn death metal ti Stockholm sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1998 Line 6 gbé POD jáde, àpótí kékeré tó ń fi ìṣirò ṣe àfarawé ampilifáyà. Ní 2011 Kemper dé, tó ń gbọ́ ampilifáyà gidi tó sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lónìí ètò Neural Amp Modeler ń ṣe iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibí yìí ni ìtàn ti kan yàrá wa. Ẹni tó fẹ́ ohùn 1970 nílé kò ní láti wá 100 watt tí yóò lé àdúgbò jáde. Kó tẹ̀ lé ọ̀nà tí ìró gbà. Gìtá tó ní humbucker ló dára jù fún ilé wa, nítorí iná wa ń hùn nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹnẹrétọ̀ sì ń fi tirẹ̀ kún un. Kí wáyà ilẹ̀ ilé náà sì wà ní ipò. Kí okùn rẹ̀ tín-ín-rín, kó sì dẹ̀ bí orin bá gbà á. Kó gé ohùn ìsàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú ampilifáyà, bí Rangemaster ti ṣe. Kó má ti distortion, ìyẹn ohùn híha náà, dé òpin: ìwọ̀n tó wà nínú àwo àtijọ́ kéré sí ohun tí etí ń rò, ọwọ́ tó ń ta líle ló ń ṣe ìyókù. Kó má gé ohùn àárín, nítorí ibẹ̀ ni gìtá ń gbé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni sípíkà. Sípíkà gìtá oní-íńṣì 12 kì í jẹ́ kí ohun tó kọjá nǹkan bí 5,000 ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan jáde dáadáa. Ẹni tó bá so ohùn híha mọ́ kọ̀ǹpútà láìsí ẹ̀dà sípíkà, èyí tí wọ́n ń pè ní impulse response, á gbọ́ ohùn tó ń yunni létí bí oyin inú agolo. Ẹ̀dà yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló sì ń sọ ariwo di orin. Lẹ́yìn náà, kó ta orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sí etí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kó sì jẹ́ kí béèsì gbé ìwúwo.

Ní Lomé, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ti fi hàn pé ohùn yìí lè gbé ilé wa. Wọ́n da gìtá heavy metal pọ̀ mọ́ ìlù àti èdè Ewe nínú Zã Keli ní 2019 àti Dzikkuh ní 2024. Ìlú tí ọba rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá onílù rí kò yẹ kó gbẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ara àti Ẹdẹ tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé, ẹ kọ́kọ́ ṣe àfarawé ohùn Birmingham dáadáa, títí yóò fi yé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pe onílù dùndún wá, ẹ gba ṣaworo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá yín, kí ẹ ṣe èyí tí Birmingham kò lè ṣe.