Àlùbáríkà: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Islam, assalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakaatuhu. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ìkíni yìí gan-an la fẹ́ tú wò lónìí. Àlùbáríkà là ń pè é nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbọ́ ọ báyìí, owó rẹpẹtẹ ni ọkàn wa máa ń lọ sí.

Lẹ́tà mẹ́ta ni gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá: bá, rá àti káfù. Àwọn onímọ̀ bíi al-Raghib al-Isfahani sọ pé ara ràkúnmí ni ó ti ṣẹ̀. Àyà ràkúnmí ni "bark". Bí ó bá kúnlẹ̀, tó fi àyà náà lélẹ̀, tó dúró pa, wọ́n á ní ó ti "baraka". Adágún tí omi dúró sí, tí kò ṣàn lọ, "birka" ni. Irú birka bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Hajj láti Kufa dé Mẹ́kà, ọ̀nà tí a fi sọrí Zubayda, ìyàwó Harun al-Rashid, tó kú ní 831. Oore Ọlọ́hun tó bá wọlé tí kò jáde mọ́, òun ni àlùbáríkà. Ibẹ̀ náà ni orúkọ Mubarak àti Barakat tí a ń sọ ọmọ wa ti wá.

Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wọ Mọdínà ní 622, oníkálukú ló ń fẹ́ kó sọ̀ sílé òun. Ó ní kí wọ́n fi ràkúnmí òun sílẹ̀, pé àṣẹ ló ń tẹ̀lé. Ibi tí wọ́n ń sá dàbínù sí ló kúnlẹ̀ sí. Ọmọ òrukàn méjì ló ni ilẹ̀ náà, Sahl àti Suhayl. Wọ́n ní kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀, ó rà á lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí o. Ràkúnmí kúnlẹ̀ tán, owó ilẹ̀ ṣì wà láti san. Àwa ti rí àwọn tó fi ọgbà yí ilẹ̀ ọmọ aláìníbaba ká, tí wọ́n ní ti mọ́ṣáláṣí ni, pé àlùbáríkà ni!

Ànábì tún ní àlùbáríkà ń bẹ nínú sààrì, kódà kó jẹ́ omi ẹnu kan. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwo ràgàjì.

Gbòǹgbò yìí kan náà ni Súrà Dukhan fi pe òru tí Al-Kùránì sọ̀kalẹ̀ ní "mubaraka". Ọ̀rọ̀ òru yẹn di ọ̀la, in shaa Allah.