GÍRÁMÀ GẸ̀Ẹ́SÌ ÀTI EWÌ ÒDÒDÓ NÍ ILẸ̀ Ọ̀KUN

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mo kí yín: ọ̀kun o! Ìkíni yìí ni a fi ń pe Ọ̀wé ti Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo. Mo fi í ṣáájú nítorí ọ̀ràn èdè ni mo gbé wá síwájú yín.

Àwọn kan rò pé ọjọ́ tí a kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí àárín wa ni èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1854 ni a tẹ ìwé ńlá kan tí à ń pè ní Polyglotta Africana. S. W. Koelle, ará Jámánì, tí ó ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay ní Freetown, ni ó kọ ọ́. Èdè tí ó lé ní 100 ni ó kó jọ, púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí. Yàgbà wà níbẹ̀, Ìjùmú wà níbẹ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ pẹ̀lú, olúkúlùkù ní ààyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ẹni tí a já gbà kúrò ní ilé baba rẹ̀ jókòó ní Freetown, ó ń sọ bí a ti ń pe oòrùn, òṣùpá àti òjò ní ìlú tí ó ti wá.

Ọdún méjì ṣáájú ìwé náà, ní 1852, Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1857 ó bá ọkọ̀ Dókítà Baikie gòkè odò Ọya, kò sì pẹ́ tí ibùdó ìjọ fi dúró ní Gbebe, níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ẹ̀kọ́ gírámà Yorùbá ti dé ẹnu-ọ̀nà wa nígbà náà, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ní 1900 a kà wá mọ́ Àríwá, Hausa ni ìjọba sì fi ṣe èdè iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀kun ń sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé, ó ń ka Yorùbá ti Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ́ Hausa níwájú ajẹ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń dúró dè é ní kíláàsì. Èdè mẹ́rin lórí ahọ́n ọmọdé kan! Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a sábà fi gírámà rẹ̀ hàn án.

Ibi tí èyí ti dùn wá jù ni ewì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ há ewì Wordsworth lórí òdòdó dáfódìlì sórí, èyí tí a tẹ̀ ní 1807. Òdòdó yìí a máa ti inú gbòǹgbò bí àlùbọ́sà yọ nígbà tí òtútù ilẹ̀ wọn bá ń lọ. Àwọn olùkọ́ a máa wí pé àìrí òdòdó náà rí ni ó ń dí ọmọ wa lọ́wọ́. Èmi kò gbà. Nígbà tí iná bá ti jó pápá tán ní ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó kan a máa yọ láti inú ilẹ̀ dúdú náà, láìní ewé, pupa rẹ́súrẹ́sú bí èso ìyeyè. Ọmọ tí ó bá ń bá baba rẹ̀ lọ sí oko ti rí i.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó le. Ní ọjọ́ 15 oṣù April 1802, akéwì náà àti Dorothy arábìnrin rẹ̀ rí òdòdó wọ̀nyí létí adágún Ullswater. Dorothy kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akéwì wí pé òun nìkan ni ó ń rìn. Ohun tí ó ti kọjá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewì ń parí lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà: ó di ohun tí ó máa ń bá a nígbàkúgbà tí ó bá dùbúlẹ̀ nílé. Ìlà méjì tí ó dára jù níbẹ̀, Mary aya rẹ̀ ni ó fún un. Ní ojú tèmi, ìyípadà yìí ni ewì náà gan-an. Nínú Yorùbá, “rí” kì í pa ara dà, ìbáà ṣe lánàá, ìbáà ṣe lónìí. Nítorí náà ọmọ wa a kọjá lójú ìyípadà náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bí a bá sọ fún un pé “mo rí” ni ìbẹ̀rẹ̀, “mo máa ń rí” sì ni ìparí, yóò yé e kí agogo tó lù.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́: kí ẹ tó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ mú wọn lọ sí pápá tí iná jó. Kí ọmọ Ọ̀wé sọ ọ́ ní Ọ̀wé, kí ti Ìyàgbà sọ ọ́ ní tirẹ̀: kí ni o rí níhìn-ín lónìí, kí sì ni o máa ń rí nígbà tí o bá pa ojú dé lálẹ́?