Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dé Orí: Ìtàn Ìwòsàn Ikọ́ Ẹ̀gbẹ

Ẹ̀yin ará, kò sí àgbàlagbà kan láàrin wa tí kò mọ orúkọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ife. Àrùn yìí kì í pa ènìyàn lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ara aláìsàn a máa gbóná, òógùn a máa bò ó lójú oorun, a máa rù, títí yóò fi máa wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn baba wa rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, tàbí pé ìran ni ó ń jogún rẹ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan: ọ̀pọ̀ oníṣègùn Yúróòpù pẹ̀lú gbàgbọ́ nígbà kan pé àjogúnbá ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, ní ìlú Berlin, Robert Koch fi hàn pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa àrùn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀tá rẹ̀ lè má tí ì ní ohun ìjà. Ní ọdún 1890, Koch tìkára rẹ̀ kéde oògùn kan tí a ń pè ní tuberculin. Àwọn aláìsàn rọ́ lọ sí Berlin láti ilẹ̀ púpọ̀, oògùn náà kò sì wò wọ́n sàn. Fún ọdún tí ó lé ní 50 lẹ́yìn èyí, ìsinmi, afẹ́fẹ́ mímọ́ àti oúnjẹ rere ni olórí ìtọ́jú, iṣẹ́ abẹ sì wà fún àwọn mìíràn.

Ní ọdún 1943, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Rutgers ní Amẹ́ríkà, Albert Schatz, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Selman Waksman, rí oògùn streptomycin láti ara ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tí ń gbé inú ilẹ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, oògùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, kò sì lè kárí. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ṣe ìdánwò kan ní ọdún 1947, wọ́n sì pín àwọn aláìsàn 107 bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ gègé, nínú àpò ìwé tí a ti lẹ̀ pa, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Àwọn 55 gba oògùn pẹ̀lú ìsinmi. Àwọn 52 gba ìsinmi nìkan. Lẹ́yìn oṣù 6, 4 ni ó kú nínú àwọn ti ìṣáájú, 14 nínú àwọn ti ìkejì.

Ayọ̀ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Nígbà tí ọdún 5 pé, 32 ti kú nínú àwọn 55 náà, 35 sì ti kú nínú àwọn 52. Kí ni ó fà á? Nínú ẹgbàágbèje kòkòrò tí ń bẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ wà tí oògùn náà kò lè pa. Nígbà tí àwọn yòókù kú tán, àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni ó bí sí i, tí wọ́n sì gba gbogbo ilé.

Àwọn onímọ̀ kò sọ oògùn náà nù. Wọ́n wá ẹnìkejì fún un. Wọ́n fi oògùn tí a ń pè ní PAS kún un, wọ́n sì rí i pé kòkòrò tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan kò bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ní ọdún 1952, isoniazid dé, ó sì lágbára púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn wọ̀nyí ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ó ku ìbéèrè kan: kí ni tálákà yóò ṣe, ẹni tí kò rí ibùsùn ní ilé ìwòsàn? Láti ọdún 1956, ní ìlú Madras ní ilẹ̀ Índíà, a tọ́jú àwọn kan nínú ilé wọn tí ó há, tí oúnjẹ kò sì pọ̀ níbẹ̀. A tọ́jú àwọn mìíràn ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1959, ìwòsàn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àwọn ará ilé aláìsàn kò sì tìtorí pé ó wà lọ́dọ̀ wọn kó àrùn ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà ni rifampicin dé. Ìdánwò tí a ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1970 wà lára ohun tí ó fi hàn pé ìtọ́jú ọdún kan àti ààbọ̀ lè di oṣù 6.

Síbẹ̀ ogun kò tí ì tán. Aláìsàn tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn oṣù 2, tí ó sì dá oògùn dúró, ń tọ́ àwọn kòkòrò tí ó le jù dàgbà, ó sì lè kó wọn ran aya àti ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àkójọ oògùn tuntun fún ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, fún oṣù 6, dípò oṣù 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé àkójọ ni èyí pẹ̀lú.

Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí àrùn yìí ń yọ lẹ́nu jù lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí a bá fún ní oògùn, kí ó lò ó tán. Àwa ará ilé rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sá fún un. Ẹ jẹ́ kí a máa rán an létí lójoojúmọ́. Oògùn kan kò tó láti ṣẹ́gun àrùn yìí. Ènìyàn kan pẹ̀lú kò tó.