Ohùn Ló Ṣíwájú Àwòrán: Bí Mo Ṣe Yan Ẹ̀rọ Gbogbonìṣe fún Pálọ̀ Mi

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston pè mí lórí fóònù. Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun ti dáwó jọ láti tún pálọ̀ mi ní Sùúrùlérè ṣe. Tẹlifíṣọ̀n ńlá ti wà, sípíkà márùn-ún àti èyí tó ń gbé báàsì ti wà. Ó ku àpótí kan ṣoṣo tí yóò máa ṣí fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa ka fáìlì inú flash, tí yóò máa kọrin, tí yóò sì máa fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn sípíkà. “Dádì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yàn án o.” Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ gbogbonìṣe ni mo sọ àpótí náà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ mólúè ní Ojúẹlẹ́gba rí mọ̀ pé tí wọ́n bá ń polówó oògùn gbogbonìṣe, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n kì í ṣe pé kí ló ń wò. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni pé: kí ni kò lè wò? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn àwọn ẹ̀rọ tó ti gba inú pálọ̀ wa kọjá.

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà wọ inú ilé ní Èkó, tí wọ́n ń fi gbé ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù dé etí àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Rediffusion ni. Àpótí igi lásán ni, bọ́tìnnì kan ló ní. Kò sí pé o ń yan ìkànnì. Àwọn èèyàn wa wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ wo ọgbọ́n inú orúkọ yẹn: a-sọ-ọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Orúkọ yìí kò yìn ín fún ohun tó ń ṣe nìkan. Ó sọ ohun tí kò lè ṣe fún wa pẹ̀lú. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, kò gbọ́ tiwa.

Lẹ́yìn náà ni rédíógíráàmù dé. Tí ẹ bá bi mí, òun gan-an ni gbogbonìṣe àkọ́kọ́: rédíò wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin wà nínú rẹ̀, sípíkà wà nínú rẹ̀, igi dídán ló sì fi bora bí àga olóyè. Nígbà tí owó Udoji jáde ní nǹkan bí 1975, tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fáwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló fi ra ẹ̀rọ orin, tẹlifíṣọ̀n tàbí alùpùpù. Ní ilé tí a gbé ní Múṣíń, onílé wa ra rédíógíráàmù. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kò sí ẹni tó ń sùn. Àléébù gbogbonìṣe hàn sí wa nígbà tí abẹ́rẹ́ orin rẹ̀ kán: wọ́n gbé odindi rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, rédíò náà sì bá a lọ. Oṣù méjì ni a kò gbọ́ ìròyìn.

Tẹlifíṣọ̀n ti dé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1962. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni Yorùbá pè é. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mi ò sì bi ara mi rí pé kí ló dé tí kì í ṣe “amáwòránmóhùn”. Àwòrán ni ohun tuntun tí ẹ̀rọ yẹn mú wá. Ohùn ti wà nínú rédíò. Síbẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀dá orúkọ náà fi ohùn ṣíwájú. Bóyá ẹnu rẹ̀ ló rọrùn fún bẹ́ẹ̀, bóyá etí rẹ̀ ló mọ ohun tó ṣe pàtàkì. Èmi ti fara mọ́ ti etí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí fídíò. Àwọn eléré wa, irú Hubert Ògúndé àti Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love, ti fi fíìmù sílúlọ́ìdì ṣiṣẹ́ ńlá. Àwọn ará ìlú tò lọ wo eré wọn ní gbọ̀ngàn ìṣeré tó wà ní Ìgànmú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, náírà já wálẹ̀, owó sílúlọ́ìdì sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ wọn. Téèpù VHS, tí JVC gbé jáde ní Japan ní 1976, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ṣú, ohùn rẹ̀ sì wà lójú ìlà tín-ín-rín kan ní etí téèpù. Síbẹ̀ ó ṣe ohun tí Rediffusion kò lè ṣe: ó gba èsì. Ẹnikẹ́ni tó bá lè háyà oníkámẹ́rà lè rí ohùn tirẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìyá mi ṣe wọ inú téèpù. Ní 1991, níbi ìsìnkú bàbá wa, màmá dìde láàárín èrò, ó sì ki ọkọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 11. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi. “Ulé” ló ń pe ilé, “ùlú” ló ń pe ìlú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oníkámẹ́rà náà ò mọ ohun tó ń ká sílẹ̀. Ó tún yà lọ síbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ṣùgbọ́n ohùn ò yà.

Màmá ti lọ. Nígbà tí mo fẹ́ gbọ́ ohùn náà, VHS ti di ohun ìgbàgbé. Ọdún 2016 ni Funai, ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe é kẹ́yìn, dáwọ́ dúró. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn: oṣù kìn-ín-ní 2016 náà ni Netflix ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà. Bí ilẹ̀kùn kan ṣe ń ṣí ni èkejì ń tì. Oníṣẹ́ kan ní Múṣíń ló bá mi nu èébu ara téèpù náà, tó sì sọ ọ́ di fáìlì. Mo jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ màmá jáde pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó lè máa hàn ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Houston ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, wọn ò gbọ́ Èkìtì rárá.

Flash yìí ni mo fi sápò lọ sọ́jà. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà, ọmọkùnrin tó ń tajà kí mi dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀: “Dádì, 4K ni o. Atmos wà níbẹ̀, Netflix wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Ó dára. Fi èyí sí i ná.”

Ó fi í sí i. Màmá jáde. Ohùn rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti yẹ kí n rí ọ̀rọ̀, àpótí kéékèèké òfìfo ló kún ibẹ̀.

“Ẹ má bínú, Dádì. Wọn ò fi Yorùbá sí i ni.”

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò Unicode, lẹ́tà “é” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “ẹ” náà ní tirẹ̀, àwọn ará Vietnam náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú “ẹ”, kí ó fúnra rẹ̀ gbé àmì lé e lórí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á fi òfìfo rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó sún àmì náà sórí lẹ́tà mìíràn, kí ìgbà di igbá mọ́ ọmọ-ọmọ mi lójú. Ẹ̀rọ kejì, ní Yábàá, sún àmì. Ó tún ṣe ohun kan tó burú jù: báàsì rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, torí iṣẹ́ mi ni. Bí tán-án-ná ṣe ń gbọ̀n ló ń fún wa ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Fóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tó wà lábẹ́ 300 Hz, síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa yékéyéké, torí etí ń tún ohùn náà tò láti inú ìyókù. Ṣùgbọ́n /s/ àti /f/ ń gbé lókè, ní nǹkan bí 4,000 Hz àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì lágbára. Tí báàsì bá ti ń ké bí àrá, ó ń bo ohun tó wà lókè rẹ̀. Nínú ètò sípíkà márùn-ún, èyí tó wà láàárín, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí àwọn home theatre oní-DVD gbòde ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo rí ilé tí wọ́n gbé ti àárín yẹn kọ́ sí kọ́ńbọ̀ọ̀dù nítorí pé ó kéré. Òun ni wọn ìbá kọ́kọ́ tò.

Níkẹyìn, àpótí kékeré kan ni mo rà, tí ó gba ètò Kodi. Kodi yìí, XBMC ni wọ́n ń pè é títí di 2014. Orí ẹ̀rọ eré Xbox ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ tí wọ́n fowó ara wọn rà máa ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó gbà kí n fi fọ́ọ̀ǹtì tèmi sí i. Àpótí náà kò jẹ tó wáàtì 20, ẹ̀rọ eré ńlá lè jẹ ju 100 lọ. Ẹni tó ń gbé ìnfátà kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, torí NEPA (orúkọ 1972 tí a kọ̀ láti jù nù) ṣì ń mú iná lọ. Netflix fúnra rẹ̀ ní 4K lè jẹ dátà 7 GB ní wákàtí kan. Ohun tó wà nínú flash kò jẹ nǹkan kan.

Kí ni gbogbonìṣe tèmi kò lè wò? Kò lè ṣí téèpù. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí téèpù bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kí ẹ tó lọ ra àpótí. Tí ẹ bá wá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fíìmù tiwọn dán ẹ̀rọ wò fún yín. Ẹ mú tiyín lọ.

Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ Houston dé. A pa iná pálọ̀, màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ rẹ̀. Kò tí ì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi sọ pé: “Grandpa, ẹ ṣi ilé kọ. U lẹ kọ síbẹ̀.”

Mo dá fíìmù náà dúró. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú 11 gba wákàtí méjì.