Kọ́ńpáàsì Kò Mọ Ẹnu Odò: Bí Wọ́n Ṣe Wá Òpin Odò Ọya

Láti Awóyaya níbí, ọ̀rọ̀ ìtàn la tún gbé dé. Ìbéèrè kan rèé kí a tó wọlé: bí wọ́n bá fún yín ní máàpù kan àti kọ́ńpáàsì kan, tí kò sí fóònù, tí kò sí Google Maps, ṣé ẹ lè rin ìrìn oṣù mélòó kan dé ibi tí ẹ kò dé rí? Láàárín ọdún 1795 sí 1830, àwọn òyìnbó mélòó kan dán an wò. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí Odò Ọya ń ṣàn lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odò tí àwọn baba wa fi orúkọ ìyàwó Ṣàngó pè, ìjà ńlá ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń jà lé e lórí. Àwọn kan ní inú adágún kan láàárín Áfíríkà ló ń parí sí. Àwọn kan ní ó lọ pàdé odò Náílì. Àwọn mìíràn ní odò Kóńgò gan-an ni. Máàpù tí James Rennell yà ní London ní 1798 tún wá fi ọ̀wọ́ òkè gíga kan, tí wọ́n ń pè ní òkè Kong, la ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já. Òkè náà kò sí níbì kankan. Síbẹ̀, wọ́n ń yà á sínú máàpù lọ ni, títí Louis-Gustave Binger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó rin àdúgbò náà já, fi padà délé ní 1889 tó ní òun kò rí òkè kankan. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ni irọ́ fi wà lórí ìwé.

Kọ́ńpáàsì ńkọ́? Ní 1796, Ali, olórí àwọn Moor ní Ludamar, mú Mungo Park, ará Scotland, mọ́lẹ̀. Ó rí kọ́ńpáàsì rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló dé tí irin kékeré yìí fi ń kọjú sí aṣálẹ̀ nígbà gbogbo. Park dá a lóhùn pé ìyá òun ń gbé lẹ́yìn aṣálẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irin náà yóò máa júwe. Ẹ̀rù ba Ali, ó dá a padà fún un. Ọgbọ́n ẹnu ló gba kọ́ńpáàsì sílẹ̀.

Ní 1824, Hugh Clapperton dé Sókótó. Sultan Muhammad Bello fi ìka ya odò náà sórí iyanrìn fún un, ó sì fi hàn án pé inú òkun ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n máàpù orí ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ sọ pé Íjíbítì ni odò náà dé. Èwo ni kó gbàgbọ́? Èyí tó wà lórí iyanrìn ló sún mọ́ òótọ́, atẹ́gùn sì ti gbá ìyẹn lọ.

Clapperton padà wá. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1825, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kí ọdún náà tó parí, Pearce àti Morison tí wọ́n jọ wá ti kú lójú ọ̀nà. Òun àti ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìíní 1826. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe débẹ̀. Wọn kò la igbó kankan. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ti ń tọ̀ tipẹ́ ni wọ́n gbà. Ọba kan ń fà wọ́n lé ọba kejì lọ́wọ́, pẹ̀lú amọ̀nà àti àwọn aláàárù. Odò Ọya kò jìnnà sí Ọ̀yọ́ Ilé mọ́, ṣùgbọ́n Aláàfin kò jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ Tápà, nítorí ogun wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàrìbá ni wọ́n gbà dé Bùsà. Kọ́ńpáàsì mọ àríwá, kò mọ ogun.

Clapperton kú nítòsí Sókótó ní oṣù Kẹrin 1827. Lander gbìyànjú láti dá tọ odò lọ sí etíkun, àwọn ẹlẹ́ṣin ọba Sáríà lé e bá, wọ́n sì dá a padà. Ní 1830, òun àti àbúrò rẹ̀, John, tún gba Àgbádárìgì wọlé. Wọ́n dé Bùsà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n bá odò lọ. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò mú wọn, King Boy ti Brass ló san owó ìràpadà wọn. Ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n rí òkun. Royal Geographical Society fún Richard ní ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ó tọ́ sí i, ẹ má jẹ́ ká fi dù ú. Àwọn Tápà mọ apá tiwọn, àwọn Ìgbò mọ tiwọn, àwọn ará Brass mọ ẹnu odò. Àwọn Lander ló rin in pọ̀ di ẹyọ kan, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rántí Abubakar, Hausa tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, tí wọ́n ń pè ní Pasko? Òun ló ń túmọ̀ èdè fún wọn nínú ìrìnàjò méjèèjì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìwé wọn fi ń pe Ọ̀yọ́ Ilé ní Katunga, orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n kọjá, ìlú náà di ahoro. Ìwé àwọn àlejò wọ̀nyí wà lára ìwọ̀nba tí a ní lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fojú rí i.

Ẹni tó ń gbé ní ìhà wa níbí kò ní í jiyàn. Fóònù lè sọ pé ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n bí òjò oṣù Kẹfà bá dé, onímárúwá ló mọ àdúgbò tí omi ti gbà. Abéèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Tiwa ni ká máa kọ orúkọ ẹni tí a bi léèrè sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ ọ̀nà kí títì tó dé, ẹ gbà ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ó tún di ọjọ́ mìíràn. Ire o.