Òwú, Aró àti Aṣọ Kánò

Ẹni tí ó bá wọ ọjà aṣọ lóde òní yóò rí ọ̀pọ̀ aṣọ tí ó jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n tí orísun wọn kò pa pọ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé òwú ni a fi hun ún. Òmíràn, irun àgùntàn ni. Òmíràn sì ni pọliẹ́sítà, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń ṣe láti inú epo rọ̀bì. Bí iná bá kan fọ́nrán wọn, ìwà wọn yóò hàn: òwú a jó bí ìwé, a sì di eérú, pọliẹ́sítà a yọ́, a sì di kókó líle. Ẹni tí kò bá mọ fọ́nrán kò lè mọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tọ́jú rẹ̀. Ìtàn ìlú Kánò fi èyí hàn gbangba.

Ní ọdún 1851 ni Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, wọ Kánò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aṣọ ìlú náà ń dé Trípólì ní àríwá àti Tìmbúktù ní ìwọ̀-oòrùn. Ó ṣírò rẹ̀ pé, ó kéré tán, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn lọ́dún tó 300 mílíọ̀nù owó ẹyọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni 60,000 owó ẹyọ tó ìdílé kan jẹ fún ọdún kan gbáko. Èyí ni pé owó aṣọ yìí lè bọ́ ìdílé 5,000.

Kí ni ó mú kí aṣọ yìí níyì tó bẹ́ẹ̀? Ìmọ̀ ni. Àwọn obìnrin ni ó ń ran òwú. Àwọn ọkùnrin ni ó ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ó sì rán wọn pọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ni aláró. Ní Kánò, ọkùnrin ni. Títí di òní ni ihò aró wà ní Kofar Mata, èyí tí ìtàn sọ pé ó ti wà láti ọdún 1498. Omi lásán kò lè yọ́ aró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po elú mọ́ eérú, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ púpọ̀. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ihò, àwọ̀ ewé ni ó ń ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni ó ń di aró. Òwú gba ìyà yìí, nítorí pé agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i nígbà tí ó bá tutù ni. Lẹ́yìn èyí, kùmọ̀ igi ni wọ́n fi ń lù ú títí yóò fi máa dán. Àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ a máa fi irú rẹ̀ wé láwàní, bí aró rẹ̀ tilẹ̀ ń ran ara wọn. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ ti ba dídán rẹ̀ jẹ́.

Ní ọdún 1902, àwọn oníṣòwò òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, British Cotton Growing Association, kí òwú láti ilẹ̀ wa lè máa lọ sí Lancashire. Ọ̀nà ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ kó wọ inú ọkọ̀, nítorí pé èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn ahunṣọ ìlú sì ń san owó tí ó dára lórí òwú. Kì í ṣe ìbọn ni ó dá òwú náà dúró sílé bí kò ṣe oníbàárà tí ó mọ iyì rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yàtọ̀. Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, òmíràn sì tẹ̀lé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsí iná mànàmáná tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀lé, ẹ̀rọ tí ó ti gbó àti aṣọ fàyàwọ́ olówó pọ́ọ́kú dá wọn lágara. Nígbà tí ó fi di ọdún 2007, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, Ìjọba ní ipa tirẹ̀ láti kó, àwa olùrà náà sì ní tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ aró, ẹ bèèrè fọ́nrán tí a fi hun ún. Bí ó bá jẹ́ òwú tí a lè fọ̀, ẹ fi omi tútù fọ òun nìkan, kí ẹ sì sá a sí ibòòji. Ẹni tí ó mọ aṣọ yàtọ̀ síra ni yóò san owó tí ó yẹ fún iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn àgbà ní, òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Bí ìyá kò bá wá rí ẹni ra òwú rẹ̀ mọ́, kí ni ọmọ yóò ran?