Ẹgbẹ̀fà Amẹ́ríkà àti Ọ̀nà Ẹgbèje

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà tí àwọn àgbà pa òwe yìí. Ẹgbẹ̀fà jẹ́ 1,200 ẹyọ, ẹgbèje jẹ́ 1,400. Igba péré ló wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni ìjìnlẹ̀ òwe náà wà. Àwọn àgbà kò sọ̀rọ̀ owó rẹpẹtẹ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó. Owó tó fi díẹ̀ ju ti àná lọ, tí ajẹgbèsè ì bá tètè rí yá ká ní ó ti san ti àná, ni wọ́n ní kò ní rí gbà mọ́. Kò sì sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ẹni tó jẹ gbèsè ni àáké wà.

Ẹni tó bá wo Amẹ́ríkà lè rò pé òwe yìí kò débẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 1981 ni gbèsè ìjọba àpapọ̀ wọn kọ́kọ́ pé tírílíọ̀nù dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2025, ó ti kọjá tírílíọ̀nù 38. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Japan, Britain àti China ń yá wọn lówó. Àwọn báńkì ń yá wọn. Àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn náà ń yá wọn. Ẹgbẹ̀fà di ẹgbèje, ẹgbèje di ọ̀kẹ́ àìmọye, ọ̀nà ṣì là gbọọrọ. Àbí?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ iyì kí a yáwó kí a sì san án. Ní 1790, Alexander Hamilton, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè náà, dá a lábàá pé kí ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo gbèsè tí àwọn ìpínlẹ̀ jẹ nígbà ogun òmìnira sọ́rùn ara rẹ̀. Thomas Jefferson àti James Madison fara mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé etí odò Potomac ni olú-ìlú yóò wà. Hamilton gbà pé orílẹ̀-èdè tó bá san gbèsè àná ni ayé yóò fọkàn tán lọ́la. Ní 1835, lábẹ́ Ààrẹ Andrew Jackson, wọ́n san gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, ìgbà kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn wọn. Kí a má fi bò: apá kan lára owó yẹn wá láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ tí wọ́n lé àwọn tó ni ín kúrò lórí rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ́kọ́ sọ gbèsè náà di òkè. Ní 1946, gbèsè tí ìjọba jẹ àwọn aráyé ju gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún kan lọ. Bẹ́ẹ̀, wọn kò fi gbèsè nìkan ja ogun yẹn. Owó orí tí àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ń san tẹ́lẹ̀ di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán náà ń san, láti 1943 sì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lára owó oṣù kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn olówó gidi, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ń gbà lórí dọ́là tó bá wọlé fún wọn kẹ́yìn ní 1944. Lẹ́yìn ogun, wọn kò sáré gé owó orí náà: ó ṣì wà ní ìdá 91 títí di 1963. Ilé-iṣẹ́ ń pọ̀, ọmọ ń pọ̀, ọjà ń gbówó lórí, àwọn tó ń yá ìjọba lówó sì ń gba èlé kékeré. Nígbà tí 1974 fi máa pé, gbèsè náà kò tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún. Wọn kò san án tán o. Wọ́n kàn dàgbà jù ú lọ. Ọ̀nà tí àwọn tó wà lórí oyè lónìí máa ń rò pé yóò tún ṣí fúnra rẹ̀ nìyẹn, láìrántí pé sùúrù ọgbọ̀n ọdún àti owó orí gíga ló là á.

Ní 1981 ni ọwọ́ yí padà. Ààrẹ Ronald Reagan gbà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé bíi Arthur Laffer pé bí owó orí bá ga jù, ó ń pa ìsapá àwọn èèyàn, pé bí a bá gé e, iṣẹ́ yóò gbòòrò débi pé owó tó ń wọlé fún ìjọba kò ní dín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sẹ́ni tí yóò ṣe ìdókòwò tọkàntọkàn bí ìjọba yóò bá kó èrè rẹ̀ lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmọ́ wọ́n nà án kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Wọ́n gé owó orí àwọn tó lówó jù láti ìdá 70 sí ìdá 50, ó sì tún di ìdá 28 lẹ́yìn òfin 1986. Lásìkò kan náà ni wọ́n ń ra ohun ìjà, tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú kò sì fẹ́ fọwọ́ kan owó àwọn àgbàlagbà. Owó tó wọlé kò tó èyí tó jáde. Reagan fúnra rẹ̀ rí i, ó sì buwọ́ lu àfikún owó orí ní 1982 àti ní 1984. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi kúrò lórí oyè ní 1989, gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta ohun tó bá nílẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni Seymour Durst, oníṣòwò ilé ní New York, gbé pátákó oníná kan kọ́ nítòsí Times Square tó ń ka gbèsè náà ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1990 sí 2000 ló yẹ kí àwọn aṣòfin máa kọ́ ara wọn lójoojúmọ́. Ààrẹ George Bush àgbà ti ṣèlérí fáwọn olùdìbò pé òun kò ní fi owó orí tuntun kún ti àtijọ́. Ní 1990 ó ṣẹ́ ìlérí náà nítorí ó rí i pé ìṣirò kò bá ara mu, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican tirẹ̀ bínú sí i, ó sì fìdí rẹmi nínú ìbò 1992. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nínú àdéhùn yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀: ẹni tó bá fẹ́ gé owó orí, tàbí tó fẹ́ dá ètò ìrànwọ́ tuntun sílẹ̀ fún aráàlú, gbọ́dọ̀ sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Ààrẹ Bill Clinton fi kún owó orí àwọn ọlọ́rọ̀ ní 1993, láìsí ìbò ọmọ ẹgbẹ́ Republican kan. Ọrọ̀-ajé gbérasọ. Láti 1998, owó tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ju èyí tó ń jáde lọ. Ní ọdún ìṣúná 2000, bílíọ̀nù dọ́là 236 ló ṣẹ́ kù. Wọ́n pa iná pátákó New York lọ́dún náà, nítorí wọn kò ṣe é fún gbèsè tó ń lọ sílẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2001, Congressional Budget Office (CBO), ọ́fíìsì tó ń bá àwọn aṣòfin ṣírò owó, ròyìn pé tírílíọ̀nù dọ́là 5.6 ni yóò ṣẹ́ kù láàárín ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Owó ọ̀la ni o, kò tíì sí lápò ẹnikẹ́ni. Alan Greenspan, olórí báńkì àpapọ̀, sọ fún àwọn aṣòfin pé bí gbèsè bá tán pátápátá ó lè dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀. Ààrẹ George W. Bush gé owó orí ní 2001, ó tún gé e ní 2003. Láàárín méjèèjì, ogun Afghanistan bẹ̀rẹ̀, ogun Iraq tẹ̀ lé e, kí 2003 sì tó parí, ìjọba tún gbà láti máa bá àwọn àgbàlagbà ra oògùn. Nínú ọ̀pọ̀ ogun ńlá tí Amẹ́ríkà jà ṣáájú ìgbà yẹn, wọn kì í gé owó orí nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń lọ. Òfin 1990 tó ń béèrè ibi tí owó yóò ti wá parí ní 2002, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Ọdún yẹn náà ni iná pátákó New York tún tàn. Ní 2008, gbèsè kọjá tírílíọ̀nù mẹ́wàá, wọ́n sì ní láti yọ àmì dọ́là kúrò lójú pátákó kí nọ́ńbà kan sí i lè ráàyè.

Owó tí wọ́n yá nígbà tí àwọn báńkì ń wó ní 2008 àti nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní 2020 kò yẹ fún ìbáwí púpọ̀. Bí ilé bá ń jó, omi là ń wá. Ìbáwí wà fún ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iná ti kú. Ní 2017, tí iṣẹ́ pọ̀, tí ogun kò sì le mọ́, wọ́n ṣe òfin tó gé owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ láti ìdá 35 sí ìdá 21, CBO sì ṣírò rẹ̀ pé gbogbo òfin náà yóò fi bíi tírílíọ̀nù 1.9 kún àlàfo ìnáwó láàárín ọdún mọ́kànlá. Ní 2021, ẹgbẹ́ Democrat náà ná iye kan náà, tírílíọ̀nù 1.9, nígbà tí ọjà ti ń sọjí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin mìíràn tó sọ ọ̀pọ̀ gígé owó orí 2017 di títí lọ. CBO ní yóò fi tírílíọ̀nù 3.4 kún àlàfo náà láàárín ọdún mẹ́wàá, pé bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn sí i ni kò ní ní ìbánigbófò ìlera mọ́ nígbà tó bá fi máa di 2034, pàápàá nítorí wọ́n gé owó Medicaid tó wà fún àwọn tálákà. Kí a yáwó fún aláìsàn, èyí yé ènìyàn. Kí a gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn kí a sì tún yáwó lé e lórí, ó ṣòro láti dárúkọ ire tó wà níbẹ̀.

Òfin yẹn kan àwọn Yorùbá tó wà ní Houston, Chicago, Maryland àti ibi gbogbo. Láti oṣù Kìíní 2026, ẹni tó bá fi owó bébà tàbí money order ránṣẹ́ sílé láti Amẹ́ríkà yóò san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba. Ẹni tó fi báńkì rẹ̀ ránṣẹ́ kò ní san. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí èèyàn kó jọ fún owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, dọ́là kan ti di ti ìjọba Washington.

Báwo wá ni ọ̀nà kò ṣe dí? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé Amẹ́ríkà kì í kọ̀ láti san. Bí ìwé ẹ̀yáwó kan bá pé, wọ́n ń ta òmíràn, wọ́n ń fi owó rẹ̀ san ti àkọ́kọ́. Èkejì ni pé dọ́là ni wọ́n jẹ, àwọn ló sì ni dọ́là. Àwọn tó ń gbèjà gbèsè sọ pé orílẹ̀-èdè kì í kú bí èèyàn, pé gbèsè ìjọba ni ọrọ̀ ẹni tó yá a lówó. Wọn kò parọ́. Àmọ́ Britain náà ni owó tirẹ̀, ó sì rí nǹkan ní oṣù Kẹsàn-án 2022, nígbà tí ìjọba Liz Truss kéde gígé owó orí tó tó bílíọ̀nù pọ́ùn 45 láìsọ ibi tí yóò ti rí owó dí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, pọ́ùn já wálẹ̀ débi tí kò dé rí sí dọ́là, báńkì àpapọ̀ wọn ní láti sáré wọ ọjà, èlé orí owó tí àwọn èèyàn fi ra ilé sì fò sókè. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, Truss ti kúrò lórí oyè.

Ti Amẹ́ríkà kì í yára bẹ́ẹ̀. Inú èlé ló ń gbà wọlé, ìwọ̀fà sì ni Yorùbá fi lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó yáwó láyé àtijọ́ a máa lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe é. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Bó ṣe é fún ogún ọdún, owó tí wọ́n yá kò dín ẹyọ kan, ọmọ tí kò bá wọn ná nínú owó náà sì ti lo èwe rẹ̀ lóko olóko. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2020, ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́dún mẹ́wàá ti Amẹ́ríkà kò mú èlé tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wá. Nígbà tí ọjà gbówó lórí, báńkì àpapọ̀ gbé èlé rẹ̀ láti ìdí òdo ní oṣù Kẹta 2022 kọjá ìdá márùn-ún ní 2023. Gbogbo ìwé tó bá ti pé, èlé tuntun ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Èlé tí kò tó bílíọ̀nù 350 ní 2020 di bíi bílíọ̀nù 880 ní 2024, ó sì ju gbogbo ohun tí wọ́n ná lórí ológun lọ́dún náà lọ. Kò kọ́ afárá kan, kò tọ́jú àgbàlagbà kan, gbèsè kò sì dín. Ọ̀nà tí igi náà dí nìyí: ilé ìwòsàn tí wọn kò ní lè kọ́, ìrànwọ́ tí wọn kò ní rí fún ẹni tí ìjì ba ilé rẹ̀ jẹ́, nítorí èlé ti kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń díwọ̀n ẹni tó ṣeé yá lówó rí i: S&P já Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 2011, Fitch ní 2023, Moody's ní 2025.

Ìdánwò tó kàn ti ní ọjọ́. Àwọn alábòójútó Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, ròyìn ní 2025 pé àpò owó ìfẹ̀yìntì yóò gbẹ ní 2033, tí owó orí tó ń wọlé nígbà náà yóò sì tó san bíi ìdá 77 péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ṣèlérí. Àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń yọ owó náà lára owó oṣù wọn láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wà lára àwọn tó ń retí rẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ tí wọ́n bá dìbò yàn ní oṣù Kọkànlá 2028 yóò wà lára àwọn tó máa wà lórí àga nígbà tí ọjọ́ náà bá pé. Kí ẹnikẹ́ni tó dìbò fún wọn, ó yẹ kó béèrè owó orí tí wọn yóò gbé sókè tàbí ìnáwó tí wọn yóò gé, kí ó sì ní kí wọ́n fi iye rẹ̀ hàn án.